Ìwọ̀n Ooru Nínú Ọ̀sìn Kòkòrò Àìfojúrí: Láti Àjàkálẹ̀-Àrùn Àkrà ní 1908 dé Àwọn Ìkòkò Kékeré Òde Òní

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí òwe yìí ti bá ìwà ọmọ ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ọ̀rọ̀ iná àti ooru mu. Ẹlẹ́mu mọ̀ pé ẹmu tí oòrùn bá pa kì í pẹ́ kan. Onírú mọ̀ pé irú tí a kò bò mọ́lẹ̀ dáadáa kì í rí bí ó ti yẹ kí ó rí. Kò sí èyí tí ó fi ojú rí ẹ̀dá tí ń ṣe iṣẹ́ náà nínú akèrègbè tàbí nínú apẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àwọn méjèèjì mọ̀ pé ooru ni ọ̀gá wọn.

Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti ṣàkóso ìwọ̀n ooru níbi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò àìfojúrí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sin adìyẹ tàbí ẹran ilé. Àkrà, olú-ìlú Gánà, ni ìtàn náà yóò ti gbéra, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará àdúgbò tí a mọ̀ sí Sabon Zongo. Ìdí ni pé ìran tí ó dá àdúgbò náà sílẹ̀ ni àjàkálẹ̀-àrùn ọdún 1908 bá láàyè, àjẹsára tí wọ́n sì fi gbógun ti àrùn náà jẹ́ ohun tí a ti inú ìgò ọ̀sìn kòkòrò mú jáde. Ohun tí àpilẹ̀kọ náà fẹ́ fi hàn ni pé ooru kì í kàn mú kòkòrò dàgbà lásán. Ìwọ̀n ooru ni ó ń yan èyí tí yóò hù nínú wọn, òun náà ni ó sì ń pinnu irú ẹ̀dá tí èyí tí ó bá hù yóò jẹ́.

Sabon Zongo àti àrùn eku

Èdè Haúsá ni orúkọ Sabon Zongo ti wá. Zongo ni ibi tí àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n sinmi. Sabon sì túmọ̀ sí titun. Kí ti titun yìí tó wà, àwọn àlejò wọ̀nyí ti ní ibùgbé láàrin ìlú, nítòsí Ussher Town, níbi tí òpópónà tí ń jẹ́ Zongo Lane wà. Àwọn Haúsá ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá, Nupe, Wangara àti Kotokoli náà wà láàrin wọn. Ní Gánà, Alata ni wọ́n máa ń pe àwọn tí wọ́n ti ìhà Nàìjíríà wá; orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina títí di òní.

Ibùgbé àtijọ́ náà há. Ènìyàn pọ̀, ẹran ọ̀sìn pọ̀, àríyànjiyàn lórí ipò olórí kò sì jẹ́ kí ara rọ̀ wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Malam Bako, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Haúsá, gba ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú ìgbà náà, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí Sabon Zongo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni àrùn eku wọ Àkrà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1908 ni ìròyìn rẹ̀ gba ìlú kan. Eku ni ó ń gbé àrùn yìí kiri. Yọ̀rọ̀, kòkòrò kékeré tí ń fò tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, ni ó ń gbé e dé ara ènìyàn. Ibà líle àti kókó wíwú ní abíyá tàbí ní ìtàn ni àmì rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá kọ lù kì í sì í yè é. Ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ké sí Ọ̀jọ̀gbọ́n William John Simpson láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n wó ilé, wọ́n pa eku, wọ́n ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀, wọ́n sì la àdúgbò titun bíi Korle Gonno fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní ibi tí ó há. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè Gá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn na apá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Waldemar Haffkine ṣàwárí ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ti sọ̀rọ̀ lórí ilé tí wọ́n wó àti bí ìlú ṣe pín. Ohun tí ó wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ náà ni a kì í sábà bèèrè. Báwo ni wọ́n ṣe sin ín? Ooru mélòó ni wọ́n fi sin ín? Láti dáhùn, ó di dandan láti padà sẹ́yìn sí Hong Kong, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú kòkòrò àrùn eku.

Ahéré Yersin àti àpótí Kitasato

Ní oṣù kẹfà ọdún 1894, onímọ̀ méjì dé Hong Kong láti wá kòkòrò tí ń fa àrùn eku. Kitasato Shibasaburo, ọmọ ilẹ̀ Jàpáàn tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch ní Jámánì, ni wọ́n fún ní àyè nínú ilé ìwòsàn àti irinṣẹ́ tí ó péye. Alexandre Yersin, tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Louis Pasteur, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Inú ahéré kan ni ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Kitasato ní àpótí ìpamọ́ ooru, èyí tí ó máa ń mú kí ooru inú rẹ̀ dúró ní nǹkan bíi 37°C, ìwọ̀n ooru ara ènìyàn. Lórí òṣùwọ̀n yìí, 0 ni omi fi ń di yìnyín, 100 ni ó sì fi ń hó. Yersin kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Bí ooru inú ahéré ti rí ní oṣù kẹfà ni ó fi sin ohun tí ó mú lára òkú. Kitasato ni ó kọ́kọ́ kéde, ṣùgbọ́n àpèjúwe rẹ̀ kò dúró sójú kan, nítorí kòkòrò mìíràn ti dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó ń wá. Ohun tí Yersin ṣe àpèjúwe ni ó péye, orúkọ rẹ̀ ni kòkòrò náà sì ń jẹ́ lónìí: Yersinia pestis.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn sáyẹ́ǹsì ṣe ni pé àìní ni ó ran Yersin lọ́wọ́. Nǹkan bíi 28°C ni kòkòrò àrùn eku fẹ́ràn jù láti fi dàgbà. Ní 37°C, àwọn kòkòrò mìíràn tí ooru ara ènìyàn bá lára mu máa ń yára ju ú lọ, wọn a sì gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ooru nìyí: ìwọ̀n ooru ni ó ń yan ẹni tí yóò jọba nínú ìgò.

Láti mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn láti ìhín lọ, ooru ilé ni a ó máa pe nǹkan bíi 28°C, ìwọ̀n tí yàrá ń wà ní ilẹ̀ olóoru bíi Àkrà; ooru ara ni a ó sì máa pe 37°C.

Haffkine àti ìgò olóróró

Kí Haffkine tó dé ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ Pasteur ti mọ̀ pé ooru lè yí ìwà kòkòrò padà. Ní ọdún 1881, Pasteur àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kòkòrò àrùn anthrax, èyí tí ń pa màlúù àti àgùntàn, máa ń pàdánù oró rẹ̀ bí wọ́n bá sin ín ní 42 sí 43°C. Haffkine fúnra rẹ̀ lo ọgbọ́n tí ó jọ ọ́ nígbà tí ó ń wá àjẹsára àrùn onígbáméjì: ó sin kòkòrò náà ní 39°C, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láìdáwọ́dúró, títí oró rẹ̀ fi rọlẹ̀. Simpson kan náà tí yóò wá sí Àkrà lẹ́yìn náà ni olórí ìlera ìlú Calcutta nígbà tí Haffkine gbé àjẹsára yìí wá síbẹ̀ ní 1894. Òun ni ó ké sí i.

Nígbà tí àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Bombay ní 1896, Haffkine bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àjẹsára mìíràn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ara tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti ṣàpèjúwe. Wọ́n á bu omi ẹran sínú ìgò ńlá, wọ́n á kán bọ́tà tàbí òróró sí i lójú. Kòkòrò á so mọ́ abẹ́ òróró náà, á sì máa ta wálẹ̀ bí irùngbọ̀n. Lóòrèkóòrè wọ́n á mi ìgò náà kí irùngbọ̀n yẹn lè já bọ́ sí ìsàlẹ̀, kí òmíràn lè hù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe èyí, ooru ilé ni wọ́n sì ń lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ooru nǹkan bíi 65 sí 70°C pa kòkòrò náà fún wákàtí kan, kí ó tó di ohun tí a lè gún ènìyàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ooru ń ṣiṣẹ́ nínú ìlànà yìí: ó ń wo kòkòrò dàgbà, ó sì ń pa á. Ibi pípa ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fura sí. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 1902, ní abúlé Mulkowal ní Punjab, ènìyàn 19 tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ láti inú ìgò kan ṣoṣo kó àrùn ipá, wọ́n sì kú. Wọ́n ní ooru nìkan kò tó láti sọ ìgò di mímọ́, wọ́n sì yọ Haffkine nípò. Ó di 1907 kí àwọn onímọ̀ bíi Ronald Ross tó jà fún un ní gbangba pé ẹ̀rí kò tì í lẹ́yìn; ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò ní abúlé ni ìdọ̀tí wọ̀ ọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn ará Àkrà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n mẹ́sàn-án tí ó wà láàrin ooru ilé àti ooru ara

Àjẹsára Haffkine ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n gbà á kò ṣàìsàn tó àwọn tí kò gbà á, ikú láàrin wọn kò sì pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kò pé, ìdí rẹ̀ kò sì hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1932, Harry Schütze, ní Lister Institute ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé kòkòrò àrùn eku tí wọ́n bá sin ní ooru ara máa ń wọ ẹ̀wù kan tí èyí tí wọ́n sin ní ooru tí ó rẹlẹ̀ kì í wọ̀. Ẹ̀wù yìí ni ara ènìyàn gbọ́dọ̀ dá mọ̀ kí ó tó lè gbèjà ara rẹ̀ dáadáa. Ní àwọn ọdún 1930 yẹn kan náà, Sahib Singh Sokhey, tí ó jẹ́ olórí Haffkine Institute ní Bombay, sọ àjẹsára náà di èyí tí wọ́n ń sin ní 37°C, agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Bí ènìyàn bá ro ìgbésí ayé kòkòrò náà, ọ̀rọ̀ náà kò ní yà á lẹ́nu mọ́. Inú yọ̀rọ̀ kò gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ. Níbẹ̀, kòkòrò àrùn eku kò nílò ẹ̀wù. Nígbà tí yọ̀rọ̀ bá gé ènìyàn jẹ, tí kòkòrò náà sì bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbóná, ooru yẹn ni ó fi mọ̀ pé òun ti dé ilé mìíràn. Á wọ ẹ̀wù, àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ á sì ṣòro láti gbé e mì. Ohun tí ìgò Haffkine kọ́ ara àwọn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ní Àkrà láti mọ̀ ni kòkòrò bí ó ti rí nínú yọ̀rọ̀. Ohun tí yóò wá gbógun tì wọ́n ni kòkòrò náà nínú ẹ̀wù ogun rẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́sàn-án péré ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní 1908. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: ooru tí a fi sin ẹ̀dá ń sọ ẹ̀dá náà di nǹkan mìíràn, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà.

Ìkòkò àwọn obìnrin

Kò yẹ kí a rò pé ilé àyẹ̀wò nìkan ni ìmọ̀ yìí wà. Àwọn obìnrin zongo tí ń se koko, ẹ̀kọ jéró tí wọ́n fi atalẹ̀, ata àti kànáfùrù sí, ń sin kòkòrò lójoojúmọ́. Wọ́n á rẹ jéró, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi sílẹ̀ kí ó kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí koko ní àríwá Gánà, tí ó jáde ní 2004, fi hàn pé oríṣi bakitéríà méjì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: Weissella confusa àti èyí tí wọ́n ń pè nígbà náà ní Lactobacillus fermentum. Kò sí ẹni tí ó kó wọn sínú ìkòkò. Ooru ilé, omi àti àkókò ni ó yàn wọ́n, bí ooru ahéré ti yan kòkòrò Yersin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni irú, tí àwọn Haúsá ń pè ní dawadawa. Bacillus subtilis ni aṣáájú nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti se ẹ̀pà igbá tán, wọ́n á dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé àti àpò bò ó. Kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ máa ń mú ooru tirẹ̀ wá. Ìbòrí ni kò jẹ́ kí ooru náà sá lọ. Nígbà ọyẹ́, wọ́n á fi kún ìbòrí tàbí kí wọ́n fi kún ọjọ́. Ìṣàkóso ìwọ̀n ooru ni èyí. Ọwọ́, imú àti ìrírí ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Àwọn ìkòkò kékeré òde òní

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń sin kòkòrò nínú ìkòkò tí kò ju ìgò oògùn lọ, òmíràn kò tilẹ̀ gbà ju omi ìdajì ṣíbí lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọ́n lè to ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ooru ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Boston University ní Amẹ́ríkà gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní eVOLVER: ìgò 16 ni ó wà lórí rẹ̀, ìgò kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí ń mú un gbóná àti ohun tí ń wọn ooru rẹ̀.

Kíkéré yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Bí a bá mú àpótí kan, tí a sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́wàá, ohun tí yóò gbà á di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí á dín kù sí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé, fún omi kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tí ooru ń gbà sá lọ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú àgbá ńlá, ìṣòro ni bí a ó ṣe mú ooru tí kòkòrò ń dá kúrò. Omi tútù ni wọ́n ń fi yí i ká. Nínú ìkòkò kékeré, ìṣòro ni bí ooru kò ṣe ní tètè sá lọ, àti bí omi kò ṣe ní gbẹ.

Ọgbọ́n tí ẹ̀rọ fi ń ṣàkóso ooru yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti yan gààrí rí. Ayangààrí ń wo ohun mẹ́ta: bí agbada ti jìnnà tó sí ooru tí ó fẹ́, bí ó ti pẹ́ tó tí kò tíì dé ibẹ̀, àti bí ó ti ń yára gbóná tó. Bí ó bá rí i pé ó ń yára jù, kò ní dúró kí gààrí jó kí ó tó fa igi sẹ́yìn. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ ń ṣírò lemọ́lemọ́, òun ni ó sì fi ń pinnu iye iná tí yóò rán sí ìgò.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ náà wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 20°C. Wọ́n gbà pé ooru yóò máa sá jáde nígbà gbogbo, nítorí náà ohun amúnigbóná nìkan ni wọ́n fi sí i. Bí a bá gbé irú rẹ̀ sí yàrá kan ní Àkrà tí ooru ọ̀sán rẹ̀ ti dé 32°C, tí a sì ní kí ó dúró ní 30°C, kò lè ṣe é. Ó nílò ohun tí ń mú nǹkan tutù pẹ̀lú. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, irú èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní dumsor, tí ó gbilẹ̀ láàrin 2012 sí 2015, ìgò kékeré tí ó wà ní ooru ara á rọ̀ padà sí ooru ilé. Àwọn ìwọ̀n mẹ́sàn-án ti ìjọ́sí náà ni ó tún ń pàdánù. Ẹni tí ń ṣe ìwádìí lè má mọ̀ pé ohun tí òun sìn ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru nínú èdè Yorùbá

Ẹnu èdè Yorùbá kò há nípa ooru. Nǹkan a máa tutù, a máa tutù nini, a máa lọ́ wọ́ọ́wọ́, a máa gbóná, a máa gbóná janjan, a máa hó. Ṣùgbọ́n omi tí ó wà ní 28°C àti èyí tí ó wà ní 37°C, alásè kan náà lè sọ pé àwọn méjèèjì lọ́ wọ́ọ́wọ́, kò sì ní jẹ́bi, nítorí fún ìlò tirẹ̀ ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ìlò ni ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò pín sí.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ yìí kò nílò láti yá gbogbo ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n ooru wà nílẹ̀. Ooru ilé àti ooru ara sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè lóye lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ju nọ́ńbà lọ, nítorí wọ́n sọ ibi tí kòkòrò wà: níta tàbí nínú wa. Ọ̀sìn náà yẹ ní lílò. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ń sin nǹkan ti gbà pé nǹkan náà ní ìwà, àti pé ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn òun.

Ìkádìí

Láti ahéré Hong Kong dé ìgò Bombay, láti abẹ́rẹ́ Àkrà dé ẹ̀rọ onígò 16, ohun kan náà ni ìtàn yìí ń sọ. Ooru ń yan ẹni tí yóò hù, ó sì ń tún ẹni tí ó hù dá. Àwọn tí wọ́n na apá fún abẹ́rẹ́ ní 1908 gba ààbò tí ìmọ̀ ìgbà náà lè fún wọn, ohun tí ó sì dín ààbò náà kù kò ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin afẹ́fẹ́ yàrá àti ara ènìyàn. Ìyàtọ̀ yẹn kò hàn sí ojú, ọwọ́ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ń sin ohun tí kò rí gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀, kí ó sì bèèrè pé yàrá ta ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe irinṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀.